Òtútù Òkè, Òtútù Ara

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òtútù ni ọ̀rọ̀ náà. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, a ó ní òtútù ń mú wa. Bí ibà bá sì dé, tí eyín òkè ń kọ lu ti ìsàlẹ̀, òtútù náà ni a ó ní ó ń mú wa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn Hausa ń lo sanyi tiwọn: ti ojú ọjọ́ ni, ti àìsàn sì ni pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ìtumọ̀ méjèèjì yìí kì í dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀. Bí ènìyàn bá ń gbọ̀n ní Òkòkòmáíkò lọ́sàn-án gangan, kò sí ẹni tí yóò bi í bóyá ojú ọjọ́ ni. Gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀ pé ara rẹ̀ kò dá. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gbé ibà láti etí òkun lọ sí ìlú orí òkè tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù bí omi inú àmù, ìtumọ̀ méjèèjì yóò wọnú ara wọn, kò sì ní rọrùn láti mọ èyí tí à ń wí. Ọ̀rọ̀ irú òtútù bẹ́ẹ̀, àti ti ẹni tí ó dá nìkan pàdé rẹ̀ lójú àjò, ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ.

Àwa tí a ń gbé ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò ní Ìpínlẹ̀ Èkó kì í ṣe àjèjì sí orúkọ ìlú Jos, bí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rí. Àlàbá Rago ni ó mú un sún mọ́ wa. Rago ni àwọn Hausa ń pe àgbò, òwò àgbò ni ó sì fún ọjà náà ní orúkọ tí ó ń jẹ́. Láti ibẹ̀ ni ọpọlọpọ ènìyàn ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè Ọya, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti Òkè Ọya wá wá oúnjẹ òòjọ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Púpọ̀ nínú pòtétò, kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì tí à ń jẹ ní Èkó ni ó ti orí òkè Jos wá, nítorí pé àwọn irè oko wọ̀nyí fẹ́ràn ilẹ̀ tútù.

Kí ni ó mú kí Jos tutù tó bẹ́ẹ̀? Gíga ilẹ̀ rẹ̀ ni. Èkó jókòó sí etí omi; Jos ga ju òkun lọ ní nǹkan bí mítà 1,200, òkè Shere tí ó wà lẹ́bàá ìlú náà sì ga tó mítà 1,829. Bí ènìyàn bá ń gun òkè, ooru inú afẹ́fẹ́ a máa dín kù ní ohun tí ó lé díẹ̀ ní ìlàjì ìwọ̀n Celsius kan lórí mítà 100 kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, a ó rí i pé gíga ilẹ̀ nìkan tó láti yọ ìwọ̀n 7 tàbí 8 kúrò nínú ooru tí a mọ̀ ní Èkó. Bí ọyẹ́ bá wá dé nínú oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, òru Jos a máa mú kí ọmọ Èkó ronú kan gbogbo aṣọ tí ó fi sílẹ̀ nílé.

Nínú oṣù kìíní ọdún 2016 ni mo gbéra láti Àlàbá Rago lọ sí Jos, èmi nìkan. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó gbé mi lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àwọn ère Nok, ó sì wù mí láti fi ojú ara mi rí wọn nínú ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé Jos, tí Bernard Fagg dá sílẹ̀ ní ọdún 1952. Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ wa kúrò. A gba Lọ́kọ́ja kọjá, a gba Keffi, nígbà tí yóò sì fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, a ti dé Akwanga. Níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yán léraléra. Gbogbo oríkèé ara mi ń ro mí, ẹnu mi sì korò bí ewúro tí a kò fọ̀.

Láti Akwanga, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ibì kan wà lójú ọ̀nà náà tí wọ́n ń pè ní Hawan Kibo. Ìtumọ̀ hawan nínú èdè Hausa ni gígun òkè, orúkọ náà sì bá ibẹ̀ mu. Ọkọ̀ ń mí hẹlẹ, àwọn àpáta ńláńlá dúró ní ọ̀tún àti òsì, omi Assop sì ń já láti òkè nítòsí ibẹ̀. Ẹwà ilẹ̀ yìí kò ṣeé fi ẹnu sọ tán, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ kò dá kì í lè wo ẹwà pẹ́. Nígbà tí a ṣí fèrèsé, gbogbo èrò inú ọkọ̀ fa aṣọ bora. Èmi náà fa tèmi bora. Ẹni tí ó bá wò wá nígbà náà kò lè mọ aláìsàn yàtọ̀ láàárín wa.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a dé Jos. Mo gba yàrá sí ilé àlejò kékeré kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rí i bí ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà, òtútù Jos nìyẹn. Bó ṣe máa ń ṣe gbogbo àwọn tó bá ti Èkó wá nìyẹn. Tó bá di ọ̀la, ó ti mọ́ yín lára." Kò purọ́ fún mi, ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lára ọ̀pọ̀ àlejò ni ó sọ. Mo bọ́ sínú yàrá, mo wọ gbogbo aṣọ tí mo gbé wá, mo sì ká jọ lórí ibùsùn bí ìgbín.

Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí dídá nìkan rìn jẹ́. Bí àìsàn bá ṣe ènìyàn nílé, kò sí bí kò ṣe ní í rí ẹni tí yóò gbọ́ ìkérora rẹ̀: ìyàwó yóò béèrè ohun tí ó fẹ́ jẹ, ọmọ yóò bu omi wá, aládùúgbò yóò yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Lójú àjò, ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni ni ó ń ṣe ara rẹ̀ ní aláìsàn, òun náà ni olùtọ́jú, òun náà sì ni yóò pinnu bóyá ọ̀rọ̀ náà ti le tó láti kígbe. Báwo ni orí tí ibà ń dà láàmú ṣe fẹ́ ṣe ìdájọ́ bẹ́ẹ̀? Mo ya ìwé pélébé kan, mo kọ orúkọ mi sí i, mo kọ Òkòkòmáíkò, mo kọ nọ́ńbà tẹlifóònù ìyàwó mi, mo sì tì í bọ àpò ẹ̀wù mi. Mo ro ó pé bí ilẹ̀ bá mọ́ tí n kò lè sọ̀rọ̀, ó yẹ kí wọ́n mọ ilé tí wọn yóò ránṣẹ́ sí.

Nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ibà tí ó ń ṣe mí kì í ṣe ọmọ ìlú Jos. Ronald Ross ni ó fi hàn ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1897 pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà ti ń dàgbà. Láti ọjọ́ tí ẹ̀fọn bá jẹ ènìyàn, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 7 sí 14, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọjọ́ kejì tí mo kúrò nílé ni tèmi yọjú; ẹ̀fọn etí gọ́tà ilé wa ni ó ti bá mi di ẹrù náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ìbá rí ẹ̀fẹ̀ ṣe níbẹ̀, nítorí pé a ní ìlú Ìbà ní ìtòsí wa, bí a bá sì kọ orúkọ rẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, kò sí ohun tí yóò yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn náà lójú ìwé.

Ó yẹ kí a rántí pé àwọn òyìnbó amúnisìn fẹ́ràn ìlú orí òkè nítorí ibà yìí gan-an. Ní ọdún 1899 ni Ross dé Freetown ní ilẹ̀ Sàró láti wá ẹ̀fọn tí ó ń gbé ibà kiri níbẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní ọdún 1904, tí àwọn òyìnbó ṣí àdúgbò tiwọn lórí òkè tí wọ́n pè ní Hill Station. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí wọ́n jìnnà sí ẹ̀fọn, kí wọ́n sì jìnnà sí àwọn ọmọ onílẹ̀, tí wọ́n kà sí ìṣúra kòkòrò ibà. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ tútù a máa fa ìdàgbàsókè kòkòrò ibà sẹ́yìn nínú ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n òkè kì í wo ibà tí ó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ ṣáájú kí ènìyàn tó gùn ún. Ní tèmi, bí n kò bá rí ènìyàn tí ó sún mọ́ mi lóru ọjọ́ náà, n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ìbá já sí.

Mẹ́gádì ilé àlejò náà ni ẹni tí mo ń wí. Bàbá àgbàlagbà kan ni, Hausa sì ni. Bí ó ti ń rìn yí ilé ká lóru ni ó gbọ́ ìkérora mi, ó sì kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo ṣí i, ó wò mí lójú, ó ní, "Sannu, malam." Mo gbọ́ díẹ̀ nínú èdè wọn, Hausa ẹnu ọjà tí ènìyàn ń kó ní Àlàbá Rago. Mo mọ̀ pé sannu jẹ́ ìkíni, ó sì tún jẹ́ pẹ̀lẹ́ tí à ń kí ẹni tí ìyà ń jẹ. Mo dá a lóhùn pé, "Sannu, Baba. Òtútù ìlú yín ni." Kò fèsì. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kan iwájú orí mi, ó tún fi kan ọrùn mi, ó sì mi orí. Ó ní, "Rárá, malam. Ẹni tí òtútù ìlú bá mú, ara rẹ̀ a tutù. Tìrẹ ń jó bí iná. Zazzaɓi ni." Zazzaɓi ni orúkọ ibà lẹ́nu wọn.

Èdè méjì tí ìyàn kò sí láàárín wọn lórí ọ̀rọ̀ òtútù kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ẹ̀yìn ọwọ́ ọkùnrin kan ni ó yanjú rẹ̀. Bí mo bá fi ọwọ́ tèmi kan iwájú orí mi nígbà mẹ́wàá, kò lè sọ nǹkan kan fún mi, nítorí pé ibi tí orí ti ń jó ni ọwọ́ náà ti ń jó. Ọwọ́ ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ dá nìkan ni ó lè jẹ́rìí. Àwọn baba wa ní ènìyàn laṣọ. Mo ti máa ń ka òwe yìí sí ọ̀rọ̀ iyì àti ẹ̀yẹ lásán, pé èrò tí ó yí ènìyàn ká ni ó ń bo àṣírí rẹ̀. Ní Jos ni mo ti mọ̀ pé ìtumọ̀ rẹ̀ lè wọlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ mẹ́rin ni mo wọ̀ lóru náà, òtútù kò gbọ́.

Bàbá náà gbé ìkòkò iná èédú wá, ṣùgbọ́n ìta ẹnu ọ̀nà ni ó gbé e sí, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní gbígbé díẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ẹni tí ó bá gbé iná èédú wọ yàrá tí ó sì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé lè sùn kí ó má jí mọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni èyí: afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde lára èédú kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pani láìpariwo. Ó fi àpótí rẹ̀ lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná náà, ó jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí mo bá ti la ojú, yóò béèrè pé, "Ya jiki?", èyí tí í ṣe ara ńkọ́. Ó kọ́ mi ní èsì rẹ̀: "Da sauƙi," ó ti dẹ̀ díẹ̀. Ó ní bí kò bá tilẹ̀ tí ì dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni à ń dáhùn. Mo rántí pé àwa náà kì í sọ pé àìsàn le sí i. A ó ní ara ń mókun, nítorí pé ẹnu ẹni kì í ṣe ibi tí a ti ń fún àìsàn lágbára.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá mi wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Nọ́ọ̀sì gún mi ní ìka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí pátákó pélébé kan, nígbà tí ó sì tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ilà méjì ti yọ: ibà ni lóòótọ́. Ó fún mi ní oògùn tí a fi artemether àti lumefantrine pò, hóró mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Láti ọdún 2005 ni orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti fi irú oògùn alápapọ̀ báyìí rọ́pò chloroquine, nítorí pé kòkòrò ibà ti kọ́ bí a ti ń borí ti àtijọ́. Inú ewé kan tí àwọn ará Ṣáínà ti mọ̀ láti ayébáyé ni Tu Youyou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí ìpìlẹ̀ oògùn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2015, oṣù díẹ̀ ṣáájú ìrìn àjò mi. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé oúnjẹ tí ó ní òróró ni kí n jẹ ṣáájú kí n tó lò ó, kí ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìyàwó bàbá náà fi kosai àti kunu gbígbóná ránṣẹ́. Kosai ni wọ́n ń pe àkàrà. Nígbà tí mo jẹ ẹ́, mo mọ̀ pé n kò jìnnà sílé tó bí mo ti rò.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ara mi ti ń fẹ́ yá, mo na owó sí i. Ó gba èyí tí ó fi san owó kẹ̀kẹ́, ó dá ìyókù padà. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè gbàgbé. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kan wà ní Àlàbá Rago níbi tí ó ti ń ru ẹrù, kò sì ní ìbátan kankan níbẹ̀. Ó ní, "Malam, bí zazzaɓi bá mú un ní ìlú yín, ta ni yóò bi í pé, ya jiki?" Kò fi ìbínú sọ ọ́, kò sì fi ṣẹ̀sín. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Mo ní Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ. Ó ṣe àmín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fi hàn pé èsì tí òun béèrè kọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ kẹrin ni mo tó dé ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé. Mo rí àwọn ère amọ̀ náà, ojú wọn tí a dá lu, irun wọn tí a dì bí ẹni ń lọ sóde. Àwọn tí ń wa tánganran ni wọ́n kọ́kọ́ hú irú wọn jáde ní abúlé Nok ní ọdún 1928, ọjọ́ orí púpọ̀ nínú wọn sì ti lé ní ọdún 2,000. Àwọn onímọ̀ ti ṣàkíyèsí pé lára ère Nok ni a ti rí àwọn tí ó fi aláìsàn hàn: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú gàǹgà, ẹni tí ojú rẹ̀ rọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí dùn mọ́ mi púpọ̀. Kí amọ̀kòkò ayé àtijọ́ tó lè mọ irú ère bẹ́ẹ̀, ó ti ní láti jókòó ti aláìsàn, kí ó tẹjú mọ́ ọn, kí ó má sì sá.

Ọ̀rọ̀ àlejò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré ní Jos. Láti ìgbà tí iṣẹ́ tánganran ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni Hausa, Ìgbò, Yorùbá àti àwọn mìíràn ti ń wọ́ lọ síbẹ̀, débi pé nígbà tí Leonard Plotnicov kọ ìwé lórí ìgbésí ayé àwọn ará ìlú náà ní ọdún 1967, àlejò sí ìlú ni ó pè wọ́n lórí ìwé náà. Ìjà lórí ẹni tí í ṣe onílẹ̀ àti ẹni tí í ṣe àlejò wà lára ohun tí ó da ìlú náà rú ní ọdún 2001, 2008 àti 2010, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Bàbá tí ó jókòó tì mí lóru wà lára àwọn tí àwọn kan ń pè ní àlejò, bẹ́ẹ̀ ni ó sọ fún mi pé Jos ni a bí òun sí. Kí a má sì rò pé tiwa yàtọ̀. Ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, Yorùbá àti Hausa ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀ ní ọdún 2002. Àwa náà ti jẹ àlejò tí a lé rí: nígbà tí ìjọba Ghana pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn, àìmọye Yorùbá tí ó ti fi ibẹ̀ ṣe ilé ni ó fi dúkìá sílẹ̀ wá sílé.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ ó bá òwe àlejò pàdé nínú iṣẹ́ yín, ẹ ó sì túmọ̀ wọn ní àtúmọ̀yè. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un kò ju èyí lọ. Ní ọ̀nà Àlàbá Rago, a ó máa rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó da aṣọ bojú, tí ó ká jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹrù lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo ará ìyókù ń làágùn. Ní ilẹ̀ tiwa, òtútù tí ó ń mú un kò lè ní ìtumọ̀ méjì. Àwa tí à ń kọjá kò nílò òṣùwọ̀n ooru, a kò sì nílò èdè púpọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni à ń fi bẹ̀rẹ̀, ya jiki. Bí ó bá dáhùn pé da sauƙi, kí a má gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ kíákíá; ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ wò.